Ta Ni Oníbodè? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ìlú Orí Ẹ̀rọ

Bí ọkọ̀ èrò bá ń bọ̀ láti Èkó, tí ó sì ti ń sún mọ́ Ṣàngó, agbèrò á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Toll Gate wà o?" Àwọn kan á sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn á gun ọkọ̀, àwọn ọlọ́jà á na búrẹ́dì àti omi sí ojú fèrèsé, ọlọ́kadà á sì máa wá ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibodè kankan níbẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni ti ń gba owó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀, ní àkókò Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ti fi òpin sí gbígba owó ibodè ní àwọn òpópó rẹ̀. Orúkọ nìkan ni ó kù. Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti lé ní ogún ọdún nísinsìnyí. Ó lè ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, kí ó má sì tí ì san kọ́bọ̀ kan rí ní ibi tí òun náà ń pè ní Toll Gate.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ yìí kan náà ń san owó ibodè lójoojúmọ́ ní ojú ọ̀nà mìíràn, oníbodè náà kò sì wọ aṣọ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kò jókòó sínú àgọ́. Ojú ọ̀nà tí à ń wí ni èyí tí ó wọ inú àwọn ìlú tí àwọn òyìnbó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ dó, níbi tí ẹgbàágbèje ọmọdé àti àgbà ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń nájà, tí wọ́n sì ti ń pàdé ọ̀rẹ́. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ti dìde pé àwọn náà yóò tẹ irú ìlú bẹ́ẹ̀ dó, kí ó lè bá ti àwọn òyìnbó figagbága. A rí i pé ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ nípa rẹ̀ jẹ́ ìyìn tí kò ní ìdí tàbí ẹ̀gàn tí kò ní ìmọ̀.

Ohun tí à ń pè ní ìlú orí ẹ̀rọ nìyí: ayé kan tí a fi ètò kọ̀ǹpútà mọ, tí ó ní ilẹ̀, ilé, títì àti ọjà gẹ́gẹ́ bí ojú ti ń rí wọn nínú àwòrán. Ẹni tí ó bá gba orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ibẹ̀ á ní ọmọláńgidi kan tí ó dúró fún un, tí ń rìn, tí ń jó, tí ó sì ń bá ọmọláńgidi àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó ni ín tilẹ̀ wà ní Ìfọ̀ tí ẹnì kejì sì wà ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá jáde tí ó lọ sùn, ìlú náà kò ní sùn. Ilé tí ó kọ́ síbẹ̀ á wà níbẹ̀ títí yóò fi padà. Èyí ni ó mú un yàtọ̀ sí eré orí fóònù tí ó máa ń parí nígbà tí ẹni tí ń ta á bá jáwọ́.

Kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Second Life, tí ilé-iṣẹ́ Linden Lab ti ìlú San Francisco ṣí ní ọdún 2003, ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn àgbàlagbà gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣe é ṣe. Roblox dé ní ọdún 2006. Minecraft jáde ní pípé ní ọdún 2011, ó sì gbajúmọ̀ débi pé ní ọdún 2014, Microsoft san bíi bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti ra ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Fortnite tẹ̀ lé e ní ọdún 2017. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Mark Zuckerberg wá yí orúkọ ilé-iṣẹ́ Facebook padà sí Meta, tí ó kéde pé irú ìlú báyìí ni ọmọ aráyé yóò máa gbé lọ́jọ́ iwájú. Láti ọjọ́ náà ni ariwo ti gba gbogbo ayé kan.

Ariwo náà dé Áfíríkà. Ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Africarare tẹ ìlú kan dó tí wọ́n sọ ní Ubuntuland, wọ́n sì kéde pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ọmọ Áfíríkà yóò tẹ̀ dó. Ní oṣù kejì ọdún 2022, MTN, tí gbogbo wa mọ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ tí ó kún gbogbo ògiri Ṣàngó, ra ilẹ̀ 144 nínú ìlú náà, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó ṣí fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ìwé ìròyìn ròyìn rẹ̀ káàkiri, a sì yọ̀ pé ọmọ Áfíríkà kò jókòó kalẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn máa dá ayé fún un.

Inú wa dùn sí ìgboyà náà. Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ díẹ̀ láti bá àwọn tí ó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa rò, ẹjọ́ náà sì dá lórí ilẹ̀ títà yẹn gan-an.

Àwa ará Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jẹ́. A mọ ẹni tí ó ra ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìdílé mẹ́ta, a mọ ẹni tí ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún padà wá gba owó òrùlé. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìyọnu rẹ̀, ilẹ̀ Ọ̀tà ní ìwọ̀n. Ọlọ́run kò dá òmíràn kún un, èyí ni ó sì mú kí iye rẹ̀ máa gòkè bí Èkó ti ń gbòòrò. Ilẹ̀ orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ìlú náà lè jókòó ní òru ọjọ́ kan kí ó dá ẹgbẹ̀rún ilẹ̀ mìíràn kún èyí tí ó ti tà fún ọ. Ìlérí ẹnu rẹ̀ nìkan ni odi tí ó yí ilẹ̀ rẹ ká. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ní ìgbà tí orí àwọn ènìyàn gbóná, ẹnì kan wà tí ó san mílíọ̀nù 4.3 dọ́là ra ilẹ̀ kan nínú ìlú orí ẹ̀rọ tí ń jẹ́ The Sandbox. Láti ọdún 2022 ni iye irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti já wálẹ̀ bí àgbọn tí a já. Ọmọ onílẹ̀ Ọ̀tà kò tí ì dá irú rẹ̀ láṣà rí.

Ìlú kì í ṣe ilẹ̀. Ènìyàn ni ìlú. Ẹni tí ó bá kọ́ ìsọ̀ ọgọ́rùn-ún sí inú igbó, tí kò sí ẹni tí ó ní ìdí láti wá síbẹ̀, kò tí ì dá ọjà sílẹ̀. Èyí kò yọ olówó sílẹ̀ rárá. Ní oṣù keje ọdún 2008, Google, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ àti ọgbọ́n rẹ̀, ṣí ìlú orí ẹ̀rọ kan tí ó pè ní Lively. Kí ọdún náà tó parí ni ó ti tì í pa, nítorí pé àwọn ènìyàn kò wá. Disney san mílíọ̀nù 350 dọ́là ra Club Penguin ní ọdún 2007, ìlú tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Ní ọdún 2017 ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ilé tí àwọn ọmọ náà kọ́ síbẹ̀ sì parẹ́ ní ọjọ́ kan. Ẹ̀ka tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Meta pàdánù iye tí ó lé ní bílíọ̀nù 13 dọ́là ní ọdún 2022, ó sì pàdánù iye tí ó lé ní bílíọ̀nù 16 ní ọdún 2023. Bí owó bá lè fa ènìyàn wọ ìlú, ì bá ti fa gbogbo ayé wọ ìlú Zuckerberg.

Roblox ńkọ́? Ní ìparí ọdún 2024, àwọn tí ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ lé ní mílíọ̀nù 80, àwọn ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù. Wọn kò wá nítorí ilẹ̀. Wọ́n wá nítorí pé àwọn ọmọdé bíi tiwọn ni ó ń kọ́ àwọn ilé eré tí ó wà nínú rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ sì ń fa ọ̀rẹ́ wọlé. Ilé-iṣẹ́ náà fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá jókòó sí ibodè.

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyí, kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò sì bá wa gbé e yẹ̀wò. Owó tí wọ́n ń ná nínú Roblox ni Robux. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tí ó bá fi fóònù ra 400 Robux á san dọ́là 5 dín sẹ́ǹtì kan, èyí ni pé 100 Robux ń lọ sí nǹkan bíi dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kọ́ ilé eré sínú ìlú náà, tí àwọn ènìyàn sì ná Robux níbẹ̀, bí ó bá gbé 100 Robux wá pé kí wọn bá òun sọ ọ́ di owó gidi, sẹ́ǹtì 35 ni wọ́n ń fún un títí tí wọ́n fi fi díẹ̀ kún un ní ọdún 2025. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àti ẹnu ọ̀nà àbájáde kò dọ́gba. Meta náà kò kẹ̀rẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ó kéde pé nínú ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá tà ní Horizon Worlds, ìlú tirẹ̀, ohun tí yóò kúrò nínú 100 dọ́là lè tó dọ́là 47 àti ààbọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń sọ pé kì í ṣe àwọn nìkan ni ó ń jẹ owó náà, pé àwọn náà ní oníbodè tí ó wà lókè wọn. Wọn kò purọ́. Àwọn tí ó ni fóònù ni. Láti ọdún 2008 tí Apple ti ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń yọ iye tí ó lè tó dọ́là 30 nínú ọgọ́rùn-ún, Google sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Epic Games, tí ó ni Fortnite, fẹ́ gba ẹ̀bùrú kọjá láìsan án ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Apple àti Google yọ Fortnite kúrò ní ìsọ̀ wọn ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Amẹ́ríkà dá Google lẹ́bi nínú ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ rí i pé erin méjì ni ó ń jà níbẹ̀. Báwo ni yóò ti rí fún ọ̀dọ́ kan ní Ijọ̀kọ̀ tí kò ní agbẹjọ́rò?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó di ọ̀nà mú láàrin Èkó àti ìlú òkè. Ọjà tí ó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí tí ó ń bọ̀ láti ibẹ̀ kì í kọjá láìgba ọwọ́ wọn. Ìbàdàn ní ọmọ ogun, Èkó ní ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ibodè ni ó ń sọ iye iyọ̀ àti iye ìbọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ìyẹn dájú. Nígbà tí wọ́n gbé ogun ti Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, kì í ṣe oko ni wọ́n lọ gbà, kì í sì í ṣe ọjà. Ọ̀nà ni wọ́n lọ ṣí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan fẹ́ tẹ ìlú orí ẹ̀rọ dó, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í kọ́ ni pé, "Ṣé ìlú rẹ yóò lẹ́wà tó ti òyìnbó?" Ẹ jẹ́ kí a bi í pé, "Lórí ilẹ̀ ta ni o kọ́ ọ sí, ta ni yóò sì máa gba owó ní ẹnu ọ̀nà?"

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àríyànjiyàn lásán ni èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní agbègbè wa ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń yangàn pé Ọ̀tà àti Agbára ni ibùdó ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ Ògùn. Òtítọ́ ni, a kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, dọ́là ni a fi ń ra èròjà rẹ̀ wá láti òkè òkun. Pípò àti dídì nìkan ni tiwa. Nígbà tí ìjọba tú okùn náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí kò tó náírà 500 ní ilé ìfowópamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó sì kọjá náírà 1,500 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK kéde pé òun ń kó ẹrù òun kúrò ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá, P&G, tí ó ti kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Agbára, sọ pé òun kò ní máa ṣe ọjà níhìn-ín mọ́, pé òun yóò kàn máa kó o wọlé ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìlú orí ẹ̀rọ tí ọmọ wa bá kọ́ lè bọ́ sínú kòtò kan náà. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ró tọ̀sán-tòru, ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni a ti sábà máa ń yá wọn, dọ́là ni a sì ń san. Amazon tilẹ̀ ti gbé díẹ̀ nínú tirẹ̀ wá sí Èkó ní oṣù kìíní ọdún 2023, èyí dára, ṣùgbọ́n gbèsè dọ́là kò di gbèsè náírà nítorí pé ẹ̀rọ wà ní Èkó. Bí ẹ̀rọ náà bá sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan ní Ṣàngó bá sọ sí ọmọ mìíràn ní Ìyànà Ìyèsí gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó padà wá bá a, bí ẹni tí ó fẹ́ lọ kí aládùúgbò rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gba Sókótó lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 ni okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ ní etí òkun Abidjan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba owó ní báńkì ní ọjọ́ náà kò tí ì gbàgbé. Bí a bá fi gbogbo ìlú wa rọ̀ mọ́ irú okùn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ó bá já ni ìlú wa náà yóò ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa díẹ̀. Ní Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games sílẹ̀ ní ọdún 2013, ní ibi tí iná mànàmáná kò ti dúró bí tiwa náà kò ti dúró. Wọ́n fẹ́ ṣe eré ńlá kan tí ó dá lórí ìtàn àti àṣà Áfíríkà. Wọn kò dúró de olówó kan ṣoṣo. Wọ́n ké sí gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn dá owó tí ó lé ní 40,000 euro jọ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, eré náà, Aurion, sì jáde ní ọdún 2016. Lẹ́yìn náà wọ́n ta ìpín ilé-iṣẹ́ wọn fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ohun tí àwọn ìyá wa ń pè ní èsúsú nìyẹn, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Kì í ṣe ìlú orí ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́, eré ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá owó náà mọ ohun tí wọ́n ń ra, wọ́n sì ní ìdí láti fẹ́ ẹ.

Nílé níhìn-ín, Maliyo Games ti ń ṣe eré orí fóònù ní Èkó láti ọdún 2012, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Disney gbé Iwájú jáde, ìtàn alàwòrán nípa Èkó ọjọ́ iwájú tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ni Kugali bá a ṣe, Maliyo ni ó ṣe eré orí fóònù tí ó bá a rìn. A yin gbogbo wọn, wọ́n fi hàn pé ọwọ́ wa ran iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Èkó ni, orúkọ Yorùbá ni, ọgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni, Disney sì ni ó di ilẹ̀kùn mú.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti ń mi orí. Wọn yóò ní ebi ń pa ará ìlú, iná kò sí, owó iná fún àwọn tí ó tilẹ̀ ń rí i dáadáa ti kúrò ní náírà 68 sí 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba sì ti gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí wọn fi owó tí ó tó ìdajì kún iye tí wọ́n ń gbà. Kí ni a fẹ́ fi ìlú àwọn ọmọláńgidi ṣe? Ìbéèrè àgbà ni, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìdáhùn wa wà nínú ìtàn tí púpọ̀ nínú yín mọ̀. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn aṣòfin Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti jáde kúrò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n ní etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Awólọ́wọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọn jẹ́ kí òun fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ibodè náà ni: òun ni ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹlòmíràn ni ó ni ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ má ṣe rò pé kò sí ẹni tí ó ní, "Kí ni àgbẹ̀ kòkó fẹ́ fi àpótí aláwòrán ṣe?" Ìjọba náà tilẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan dòwò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì ṣe, ó gba gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìjọba kan náà yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Wọn kò rí i pé ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kan àwọn olùkọ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, kí a tó fi ẹsẹ̀ àṣẹ náà múlẹ̀, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Nítorí náà, bí ọmọ bá jáde ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá wọ inú fóònù, Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí ó sì ń gbé fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ "ẹ káàárọ̀" níbẹ̀. Ewu mìíràn tún wà: nítorí ìpalára tí wọ́n ní àwọn àgbàlagbà kan ń ṣe fún ọmọdé, ìjọba Túríkì ti Roblox pa ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Kò sí olùkọ́ kan tí yóò fi ọmọ sílẹ̀ ní ọjà tí òun kò mọ olórí rẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá má ṣe lọ bá Roblox du gbogbo ayé. Wọn kò ní rí i gbà. Kí wọn tẹ ìlú kékeré kan dó tí àwọn kan ní ìdí gidi láti wọ̀. Àwa mọ ìdí náà. Ọmọ Kétu ní Benin ń kàwé ní èdè Faransé, ọmọ Ọ̀tà ń kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ wa tí a bí sí Houston kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé sì jẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. Kò sí òpópó kan lórí ilẹ̀ tí ó lè kó àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ ní ọjọ́ Sátidé láìsí ìwé ìrìnnà àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Ìlú orí ẹ̀rọ lè ṣe é. Kí wọn rìn nínú Ọ̀yọ́ Ilé bí ó ti rí kí ó tó tú ní àárín àwọn ọdún 1830. Kí wọn tẹ̀ lé Erédò Sùngbọ́, tí ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Kí olùkọ́ wà ní ẹnu ọ̀nà, kí ó mọ orúkọ ẹni tí ó wọlé.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa ní àjọ kan ní Ìbàdàn, DAWN, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè láti ọdún 2013. Kí wọn pa owó pọ̀ kí wọn sì jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kékeré kò fẹ́ ẹ̀bùn bí ó ti fẹ́ ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Èkó tí ń fi ẹ̀rọ yáni tí wọ́n sì ń gba náírà. Níbẹ̀ ni kí ìlú náà wà. Òfin tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun sọ pé kí àpò owó kan wà tí kò ní dín ní bílíọ̀nù 10 náírà lọ́dún. Mínísítà tí a yàn sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní ọdún 2023, Ọ̀mọ̀wé Bọ́sún Tìjání, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni, òun sì wà lára àwọn tí ó dá ibùdó CcHUB sílẹ̀ ní Yábàá ní ọdún 2011. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó yé jù ú lọ. Covenant àti Bells, yunifásítì méjèèjì, kò jìnnà sí Toll Gate. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ṣoṣo ní Ọ̀tà, kí wọn rí i bóyá àwọn ọmọ yóò padà wá ní ọjọ́ kejì láìsí ẹni tí ó fi ẹgba lé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje bá wá sí wọ́ọ̀dù yín wá tọrọ ìbò, tí ó sì ní òun yóò mú ọ̀làjú kọ̀ǹpútà wá, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ tán kí ẹ tó bi í léèrè. Ẹ bi í pé ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ní Adó-Odò àti Ọ̀tà ni ó ní iná àti kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́, owó wo ni yóò fi sí i nínú ètò ìnáwó ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, àti pé bí ó bá yá ìlú kan wá láti òkè òkun fún àwọn ọmọ yín, ta ni oníbodè rẹ̀. Kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.